Eyín Dùùrù Tí Kò Yẹ Kó Dún

Shamsudeen Alábì kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ìyàwó rẹ̀ ń rí, kó lọ bá wọn jẹun lọ́jọ́ kan nílé wọn ní Alief, àdúgbò kan ní Houston. Oúnjẹ á ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀, ọkọ á ti dìde, á ní fíríìjì ń kùn. Gbogbo fíríìjì ló ń kùn, àmọ́ ó ní tiwọn ń kùn jù. Á fà á kúrò lára ògiri, á ki bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, á tẹ́tí sí i, á tún yọ bébà náà. Kó tó padà sídìí oúnjẹ, ọbẹ̀ á ti tutù. Bó ṣe ń ṣe nílé náà ló ń ṣe ní mọ́sáláṣí. Lọ́dún tó kọjá, ìmáàmù ń ṣe wáàsí lọ́wọ́ nígbà tí Shamsudeen dìde láàárín èrò, tó lọ yí ìdí máìkì, nítorí ó ń hó lábẹ́lẹ̀, híhó tí ẹlòmíràn kankan ò gbọ́. Ìmáàmù dákẹ́, ó ń wò ó títí ó fi padà jókòó.

Ẹ má tíì bínú sí i. Etí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu yìí náà ló ń bọ́ ọ. Dùùrù ló ń tún ṣe, àwọn píánò onígi tó wà nínú ilé àwọn èèyàn: ó ń na wáyà tó ti dẹ̀, ó ń pààrọ̀ ohun tó bá ṣẹ́, títí gbogbo ohùn á fi bára mu. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló bá wá sí Houston nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì parí rẹ̀, torí kò lè jókòó ní kíláàsì. Ó wá ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù láti ilé kan sí èkejì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbé dùùrù kan gun àtẹ̀gùn, wọ́n fi kọ ògiri, ó dún, Shamsudeen sì sọ fún bàbá ará Vietnam kan tó dúró nísàlẹ̀ pé wáyà kan nínú rẹ̀ ti wálẹ̀ ju ìyókù lọ. Bí bàbá náà ṣe rẹ́rìn-ín nìyẹn, torí iṣẹ́ dùùrù ló ń ṣe. Ọdún méje ni Shamsudeen fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta báyìí, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan tó bàjẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyá rẹ̀ ló tún dá kún un. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń tà ní Ìwó. Bí wọ́n bá wọn kẹrosíìnì sínú igo tán, tó kún dé ẹnu, wọ́n á tún da díẹ̀ lé e, á máa ṣàn sí ọwọ́ oníbàárà. Èènì nìyẹn. Shamsudeen gbé èènì wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà. Bó bá tún dùùrù yín ṣe tán, á fún ẹsẹ̀ àga yín le, á nu irin tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, á sì fi òróró sí ìdè ilẹ̀kùn tó ń han. Kò ní gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí fura sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún yìí, wọ́n pè é sí ilé onípákó kan ní àdúgbò Third Ward. Miss Verlene Batiste ló ni ilé náà, ìyá aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí wọ́n ń fi ọ̀pá rìn ṣùgbọ́n tí ojú wọn ń rí ohun gbogbo. Dùùrù dúdú kan wà ní pálọ̀ wọn, ó ga dé àyà èèyàn, ara rẹ̀ ti sán káàkiri. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bára wọn sọ o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ọ ní Yorùbá.

"Ti bàbá bàbá mi ni," ni Miss Verlene sọ. "Cleophus Batiste. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n lọ́dún 1912, tí wọ́n ṣe orin ragtime kan lórí dùùrù yìí. 'Callie's Sunday Shoes' ni wọ́n pè é. Callie ni ìyá wọn. Wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ fún oníṣọ́ọ̀bù dùùrù kan gbọ́ ní Galveston. Ọkùnrin yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Gbogbo ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń dá."

Ẹni tí kò bá mọ ragtime, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àtijọ́ ni. Ọwọ́ òsì á máa rìn déédéé bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ṣáájú rẹ̀, á tún dúró dè é. Orin aláìfararọ ni, ó sì yẹ kí Shamsudeen fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ irú rẹ̀ dáadáa rí.

Miss Verlene ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Dókítà Jasmine, ń kọ ìwé nípa irú orin bẹ́ẹ̀, ó sì ń kó àwọn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láyé àtijọ́ jọ. Ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lópin oṣù. Ní Sátidé, ó ń bọ̀ wá wo dùùrù yìí tinú tẹ̀yìn, kó sì gba orin náà sílẹ̀ lọ́wọ́ Miss Verlene. Bó bá rí ohun tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, orúkọ Cleophus á wọ ìwé. Bí kò bá rí i, orúkọ ará Galveston yẹn náà ni wọ́n á tún tẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ fi ojú mi rí orúkọ náà kí n tó kú," ni wọ́n sọ. "Kò tán?"

Shamsudeen ti ń tẹ dùùrù náà bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo eyín rẹ̀ ló ń dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wọn ti wọ́, àfi ẹyọ kan láàárín, lá tó wà lókè dò àárín. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò dún rárá.

"Ìyẹn ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi," ni Miss Verlene wí. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe. Bàbá á ní kí ẹ má ra nǹkan kan bọ̀ fún òun, ẹ ò sì jẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyá á ní ebi ò pa òun, ẹ̀yin á lọ gbé oúnjẹ wá. Nílé tí wọ́n ti tọ́ Shamsudeen, "má yọ ara rẹ lẹ́nu" ni àgbà fi ń sọ pé òun ń fẹ́ nǹkan ṣùgbọ́n ojú ń ti òun. Ó wo ìyá arúgbó yìí, àánú wọn ṣe é. Ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé eyín náà máa dún.

Kò pẹ́ tí ọmọ ìjọ wọn kan fi wá fi mọ́tò gbé Miss Verlene lọ rí dókítà. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n fi àwo CD kan lé e lọ́wọ́. Dókítà Jasmine ló kó orin náà jọ síbẹ̀, gbogbo bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ láyé ọjọ́un. "Gbọ́ ọ kó o lè mọ ohun tí ò ń ṣiṣẹ́ fún," ni wọ́n sọ. Ó jù ú sínú mọ́tò, ó padà sídìí iṣẹ́.

Wákàtí mẹ́ta ló fi na àwọn wáyà. Lẹ́yìn náà ló wá kojú sí eyín tó kú. Nínú dùùrù, eyín kọ̀ọ̀kan ló ní òòlù kékeré tirẹ̀ tó ń lu wáyà. Ọrùn òòlù ti èyí ti ṣẹ́. Ẹnì kan ti fi awọ dúdú kan wé ọgbẹ́ náà, ó fi òwú pupa dì í yí ká. Ihò róbótó mẹ́rin-mẹ́rin wà lára awọ náà ní ìlà méjì, idẹ tín-ín-rín yí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan po. Awọ yìí ló nípọn jù, òun ló há òòlù náà mọ́ àwọn ẹnìkejì rẹ̀, tí kò fi lè dé ara wáyà.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ jákujàku yìí?" ni Shamsudeen wí fún ara rẹ̀. Ó gé òwú, ó yọ awọ, ó fi òòlù tuntun síbẹ̀, ó na wáyà rẹ̀. Ó tẹ eyín náà, ó sì dún, ohùn mímọ́ gaara. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún nu dígí fèrèsé Miss Verlene. Ó gbá gbogbo ìdọ̀tí sínú ọ̀rá, igi tó ṣẹ́ àti awọ náà pẹ̀lú, nítorí kì í fi pàǹtí sílẹ̀ fún oníbàárà. Àdúgbò Brays Oaks ló ti ń lọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nínú ọgbà àwọn apartment níbẹ̀, ó sọ ọ̀rá náà sínú àpótí ìdọ̀tí ńlá onírin, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ń ti Pearland bọ̀, níbi tó ti lọ tún dùùrù ìdílé dókítà kan ṣe. Freeway, títì márosẹ̀ tó wọ Houston, dì pa. Ó yí rédíò títí, ó ṣí fèrèsé, ó tún tì í, kò sí ohun tó mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ó rántí CD Miss Verlene, ó fi í sínú rédíò mọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orin náà wà níbẹ̀, Dókítà Jasmine sì fi ohùn ara rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti 1914 ni àkọ́kọ́, bébà gígùn oníhò tí wọ́n ń ká sínú dùùrù kan tó ń fúnra rẹ̀ tẹ orin. Ìkejì, rẹ́kọ́ọ̀dù 1923, tó ń ta pàrà-pàrà bí epo gbígbóná. Ìkẹta ni ti ọkùnrin kan tó tẹ̀ ẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò lọ́dún 1938, eré ló ń sá. Inú ìwé ará Galveston yẹn ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ.

Ìkíní dùn mọ́ Shamsudeen, ó ń fi ìka lu sítíàrín. Nígbà tí ìkejì dé ìdajì, ìka rẹ̀ dúró. Orin náà ń gòkè, fà, sò. Etí èyíkéyìí ló mọ̀ pé lá ló kàn. Àmọ́ ọwọ́ fò ó bí ẹni fo gọ́tà, ó lọ tẹ lá kejì lókè lọ́hùn-ún, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí tì. Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ fò. Nínú ìkẹta, níbi tí eré ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tún fò. Gbogbo lá tó kù ń dún, tòkè tìsàlẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, lá tó wà lókè dò àárín, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí nínú orin náà láti ọdún 1914.

Ó pa rédíò náà. Ẹni tó ṣe orin yìí, orí dùùrù tí eyín yẹn kò ti dún ló ti ṣe é. Dùùrù náà wà ní Third Ward, nílé Batiste. Ohun tí Dókítà Jasmine ń bọ̀ wá wò ní Sátidé nìyẹn. Ẹ̀rí tí Miss Verlene ní láyé kò ju eyín tó kú yẹn lọ, òun Shamsudeen ló sì jí i, tó fi ṣe èènì.

Láàárín ìlà ọkọ̀ márùn-ún ló wà, kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì. Ó ń sọ "Lá iláha illallah" bí mọ́tò ṣe ń fà díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ráyè já, Brays Oaks ló kọrí sí. Àpótí onírin náà ṣófo. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà sọ fún un pé àná Ọjọ́rú, ní òwúrọ̀, ni wọ́n wá kó o. Shamsudeen dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún gun inú àpótí náà. Ó rí páálí písà àti ẹsẹ̀ àga ọmọdé kan. Ọkùnrin náà ń wò ó.

Ó dé ilé, ó ro ohun gbogbo fún Misturah ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ìdúró ló rò ó, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Daddy Ramlat," ni Misturah wí nígbà tó parí, "ṣebí ìyá yẹn ní kí ẹ fi í sílẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n má yọra mi lẹ́nu."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń gbọ́ ohun tí ẹnì kankan ò gbọ́. Èyí tí wọ́n wá la ẹnu sọ, ẹ ò gbọ́." Ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ call wọn. Please. Ẹ call wọn nísinsìnyí."

Kò pè wọ́n. Ẹ̀rù ń bà á. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó kírun, kò sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣe wáàsí. Bó ṣe ti mọ́sáláṣí dé, inú gáréèjì ló gbà lọ. Bàtà tó fi ṣe Iléyá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn wà níbẹ̀, bàtà dúdú tí wọ́n kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, tí kò lókùn. Ó gé awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sínú omi tíì, ó fi iyanrìn ha á, ó sá a sóòrùn. Ó wá igi òòlù àtijọ́ kan nínú àwọn àjókù irinṣẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wé awọ náà mọ́ ọn, ó fi òwú dì í. Iṣẹ́ náà dára. Lójú ẹni tí kò rí ti tẹ́lẹ̀, ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún.

Misturah ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó bá a níbẹ̀. Ó wo bàtà, ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Tí wọ́n bá bi yín," ló béèrè, "kí lẹ máa sọ?"

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni Shamsudeen ti dé Third Ward, wákàtí kan ṣáájú Dókítà Jasmine. Ó ní òun fẹ́ yẹ dùùrù náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Miss Verlene wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Yẹ̀ ẹ́ wò," ni wọ́n sọ, wọ́n fi ọ̀pá wọn gba inú kíṣìnì lọ, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ó ṣí dùùrù. Ohun tó ṣe wà nínú àpò rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni iṣẹ́ náà gbà. Ó kúnlẹ̀, ó mú irin tó fi ń tú ìṣó. Awọ inú àpò rẹ̀ ń rùn bíi pólíìṣì bàtà tirẹ̀. Ó wò ó pé bí òun bá fi síbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé, ọmọ ẹlòmíràn á kà á ní ilé ìwé, bàtà Iléyá òun ni wọ́n á máa kà nípa rẹ̀. Ojú tì í. Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn kíṣìnì.

"Miss Verlene, mà, mo ti ba nǹkan yín jẹ́. Mo tún eyín tẹ́ ẹ ní kí n fi sílẹ̀ ṣe. Mo ju ohun tó wà níbẹ̀ nù. Mo lọ wá a, mi ò rí i. Ẹ dákun, mà."

Ìyá náà rìn wá sídìí dùùrù, wọ́n nawọ́ pé kó tẹ eyín náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ̀ gbé e lójú ẹsẹ̀: ohùn náà ti wálẹ̀ díẹ̀ sí ibi tó fi í sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wáyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà kì í wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àfi tí wọ́n bá ń lù ú léraléra.

"Ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, mà," ló wí. "Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ gan-an."

"Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni Miss Verlene dáhùn. "Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, mi ò mọ ohùn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sunkún. Lẹ́yìn náà inú bí mi, mo mú fóònù láti pè ọ́, kí n fi èébú wẹ̀ ọ́. Mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní kí n wò ó bóyá wàá wá fúnra rẹ." Wọ́n jókòó. "Wàá sọ fún Dókítà náà bó o ṣe sọ fún mi."

Ó sọ ọ́ nígbà tí Dókítà Jasmine dé ní aago mẹ́wàá. Dókítà náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó tó ẹni ogójì ọdún, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá a lẹ́nu. Nígbà tó parí, inú bí i gidigidi, kò sì fi pamọ́.

"Ohun tó ti wà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́fà ọdún," ló wí. "Mo wá láti wá ṣí i. Ẹ sì jù ú sínú ìdọ̀tí." "Báwo ló ṣe rí? Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Shamsudeen di ojú. "Igi òòlù tó ṣẹ́ lọ́rùn. Awọ dúdú ni wọ́n fi wé e. Ihò wà lára rẹ̀, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, idẹ yí ẹnu wọn ká. Òwú pupa ni wọ́n fi dì í."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò kàn dá a sílẹ̀ láti ran ìyá lọ́wọ́?"

Ó fi ọwọ́ bọ àpò, ó gbé ohun tó ṣe ní gáréèjì sórí dùùrù. "Èyí ni mo dá sílẹ̀," ló wí. "Òun ni mo fẹ́ fi sínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n fi purọ́ fún yín. Ẹ wò ó. Kò ní ihò, òwú rẹ̀ kì í ṣe pupa. Kò jọ tiwọn rárá."

Miss Verlene wo awọ náà, wọ́n mi orí. Dókítà Jasmine ò mi orí. Ó ń wo Shamsudeen bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde. Ó ní lóṣù tó kọjá, òun rí téèpù kan nínú páálí nílé ìkàwé kan, ohùn tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn àgbà olórin lọ́dún 1958. Kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi òun. Òun ò sọ ọ́ fún Miss Verlene pàápàá, nítorí òun fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara òun rí inú dùùrù náà.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn bàbá arúgbó kan jáde, ó há díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Òòlù rẹ̀ kan ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo gé ẹ̀gbẹ́ bàtà Mama, ibi tí okùn ń gbà wọlé, mo fi òwú pupa dè é. Kò ṣiṣẹ́! Ọjọ́ Sunday, Mama wá bàtà, ó kù ẹyọ kan. Wọ́n nà mí dáadáa. Mo wá ṣe orin yẹn láti fi bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí ọwọ́ mi máa fo ibẹ̀, kí wọ́n má baà máa rántí."

Miss Verlene fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti gbọ́ ohùn bàbá bàbá wọn kẹ́yìn. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Shamsudeen wo fèrèsé tó nù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó má baà di pé òun náà ń sunkún nílé onílé.

"Ibi tí okùn ń gbà wọlé," ni Dókítà Jasmine tún sọ, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀. "Ihò onídẹ mẹ́jọ. Òwú pupa. Ẹni tí kò gbọ́ téèpù yìí rí." Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Mi ò ní parọ́, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí awọ náà wà. Àmọ́ èyí tó fún mi. Orúkọ Cleophus Batiste ni mo máa kọ. Ká ní mo bá bàtà yín nínú dùùrù yìí ni, ǹ bá ti ìdérí rẹ̀ pa, ǹ bá sì lọ sílé mi."

Nígbà tó kan kí wọ́n gba orin sílẹ̀, Miss Verlene na ọ̀pá wọn sí Shamsudeen.

"Yọ ọ́."

"Mà?"

"Yọ òòlù tuntun yẹn. Ohùn rẹ̀ dára, mo dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ni mo fẹ́."

Shamsudeen kò ba ohun tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó tú ìṣó, ó yọ òòlù náà. Miss Verlene jókòó, wọ́n tẹ orin bàbá bàbá wọn. Ọwọ́ wọn ti le, wọ́n ń ṣi ibì kan tẹ̀, wọ́n ń padà. Bí orin bá ti gòkè, fà, sò, gbogbo ara Shamsudeen á máa retí lá yẹn, ọwọ́ á sì fò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di eékún rẹ̀ mú, ó jókòó títí orin fi parí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ló kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ọ: àga tí Miss Verlene jókòó lé ń han, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò irinṣẹ́ kó tó rántí ara rẹ̀.

"Mà," ló wí, "ẹsẹ̀ àga yín ń mì. Ṣé kí n fún un le?"

Miss Verlene bojú wẹ̀yìn wò ó pẹ́.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì fi í sílẹ̀. Ó wọ mọ́tò, ó gba freeway lọ sí Alief. Kó tó délé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ya ẹ̀gbẹ́ títì láti yí padà nítorí àga yẹn, kò sì yí padà.